Ìjọba Fẹ́ Tún Ètò Ẹ̀kọ́ Àwọn Akàndá Ọmọ Ṣe: Ohùn Tiwa Ńkọ́?

  

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti owó èlé. Ti àwọn ọmọ wa tó jẹ́ akàndá ẹ̀dá ni: ẹni tí kò gbọ́ràn, ẹni tí kò ríran, ẹni tí kò lè rìn dáadáa, àti ẹni tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé. Gbogbo wa la mọ àwọn tó ń bá ìyá wọn jókòó ní ìsọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ wọn wà ní kíláàsì.

Òfin wà fún wọn. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ wọn títí dé girama. Ó ní kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gbà wọ́n, kí ó sì ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n òfin kì í dìde rìn fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba bá wá kéde pé kí àwọn ọmọ wọ̀nyí máa bá ẹgbẹ́ wọn kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò, ohun rere ni, bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ. Kí a má kàn pàtẹ́wọ́, kí a má sì kàn máa kùn lábẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Tíṣà wo ló gbọ́ èdè àwọn adití tàbí tó mọ ìwé àwọn afọ́jú? Ṣé ohun èlò máa dé ṣáájú àwọn ọmọ ni àbí lẹ́yìn wọn? Ta ló máa gbé ọmọ tí kò lè rìn lọ, táá gbé e bọ̀? Bí wọ́n bá ní kò sí tíṣà, ẹ rán wọn létí pé láti 1977 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ àkànṣe tó wà ní Ọ̀yọ́ sílẹ̀.

Kí ìyá kọ̀ọ̀kan jẹ́ kí wọ́n bá òun kọ ohun tí ọmọ òun lè ṣe sílẹ̀, àti ibi tó ti ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Kí ó fi ìwé dókítà tì í, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Ẹ má pa ìpàdé òbí àti olùkọ́ jẹ. Bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá pe ará ìlú wá sọ èrò wọn lórí àbá òfin, kí ẹgbẹ́ rán èèyàn méjì lọ pẹ̀lú ìwé tí gbogbo wa fọwọ́ sí. Ẹni tí kò mọ̀wé, kó tẹ̀ka. Ìyá kan ṣoṣo, wọ́n lè ní kó lọ, kó padà wá lọ́la. Wọn ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún odindi ọjà.

Ọmọ kò ní dúró de ìjọba kó tó dàgbà. Ọdún tó bá fi jókòó sí ìsọ̀, kò sí àjẹṣẹ́kù tó lè yá a padà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Tàwọn ọmọ wa kò ní bá wọn dákẹ́ o.