Kí Ẹ Tó Mú Ọmọ Lọ Sí Bọ́dìn



Àwọn bàbá wa tó lọ sí Titcombe College ní Ẹ̀gbẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1951, ti jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Lónìí, ọmọ ọdún méje là ń mú lọ sí bọ́dìn aládàáni. Iṣẹ́ ló fà á. Àwa náà ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀kan nínú wa dùbúlẹ̀ àìsàn fọ́jọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó pe ilé.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè: ta ló ń sùn ti àwọn ọmọ lóru? Ta ni yóò pè yín bí ibà bá dé? Ṣé ẹ lè yọjú láìsọ tẹ́lẹ̀?

Bí ilé-ìwé kò bá jìnnà, ẹ jẹ́ kí ọmọ máa tilé lọ.