Ẹni tó bá ń lo warfarin, ṣọ́ra fún Alábùkún

Ẹ̀yin ará wa ní Ugbuwangue. Admin yín ni. Mo ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ò wá sọ́jà lọ́sẹ̀ tó lọ. Wọ́n ti gbà kí n sọ ọ́, àmọ́ mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ló dì sí wọn lẹ́sẹ̀, dókítà wá kọ warfarin fún wọn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Wọ́n ń lò ó dáadáa. Ìgbà tó yá, orí ń fọ́ wọn, wọ́n ra Alábùkún, wọ́n ń dà á sẹ́nu láàárọ̀ lálẹ́. Ọjọ́ karùn-ún, ìgbẹ́ wọn dúdú bí ọ̀dà títì, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lérìgì wọn. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ọmọ wọn tètè gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò ní Alábùkún ò dáa. Láti 1918 tí Jacob Odulate ti ṣe é l'Abẹ́òkúta, àwọn bàbá wa lò ó, àwa náà ń lò ó. Àmọ́ aspirin wà nínú ẹ̀, aspirin náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì lè dá egbò sínú. Tó bá bá warfarin pàdé, ẹ̀jẹ̀ ò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ibuprofen àti diclofenac náà léwu bẹ́ẹ̀. Flagyl àti Septrin tá a máa ń sáré rà tínú bá ń run wá, ńṣe ni wọ́n ń jẹ́ kí agbára warfarin pọ̀ jù lára. Àgbo àti pàràgà ńkọ́? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta oògùn eku, ẹ gbọ́: oògùn eku ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi warfarin ṣe, kó tó di 1954 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún èèyàn. Ìwọ̀n ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní INR. Ẹ má pa á jẹ nítorí ọjà.

Ti ẹ̀fọ́ wá ńkọ́? Ẹ má jáwọ́ nínú ẹ̀. Vitamin K inú ugu, tẹ̀tẹ̀ àti ewédú máa ń dín agbára warfarin kù, torí náà, kó ṣáà ṣe déédéé ni. Kẹ́ ẹ má jẹ sítáàṣì àti bánga níbí fún oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá délé Iléyá, kẹ́ ẹ máa lá ewédú láàárọ̀ lálẹ́. Tó bá jẹ́ Xarelto lẹ̀ ń lò, ẹ̀fọ́ ò ní wàhálà, àmọ́ Alábùkún ṣì ní.

Tẹ́ ẹ bá ti wọ kẹ́mísìtì, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ "warfarin ni mò ń lò." Ẹ má gba oògùn tí wọ́n dà pọ̀ sínú ọ̀rá, ẹ má gba abẹ́rẹ́ ìdí. Tórí bá ń fọ́ yín, ẹ béèrè paracetamol, ẹ má lò ó kọjá bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Tó bá kọjá ọjọ́ méjì, ẹ pe dókítà. Tórí fífọ́ bá dé lójijì tó le gan-an, tẹ́ ẹ bá ṣubú forí gbá, tẹ́ ẹ bá tọ̀ tó pupa, ọsibítù tààrà. Ẹ má sì dá warfarin dúró fúnra yín.

Ẹ kọ orúkọ oògùn yín sínú pọ́ọ̀sì. Ọjà á tà o. Ó dàárọ̀.