Ẹ̀jẹ̀ Inú Ìgbẹ́
Bí ẹnìkan bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré rà. Àmọ́ ohun tó fà á lè jẹ́ ulcerative colitis, egbò inú ìfun ńlá. Mesalazine ni dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ fún aláìsàn, a sì máa ń lò ó lọ lẹ́yìn tí ara bá yá, torí àrùn náà máa ń padà. Ibẹ̀ ló ń dùn mí: ara á tù wọ́n díẹ̀, wọn á pa oògùn tì. Ní ti àgbo, àwọn olùwádìí ti dán èròjà inú ata ilẹ̀ pupa wò fún àrùn yìí, ó ran àwọn kan lọ́wọ́. Pẹ̀lú mesalazine ni o, kì í ṣe dípò rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, gbogbo àgbo tí ẹ bá ń mu, ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín.