Oúnjẹ Èlíjà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọkàn tí ó Rẹ̀wẹ̀sì

Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa rò pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì kò ní ìgbàgbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wòlíì ni Èlíjà nígbà tí ó jókòó lábẹ́ igi ní aginjù tí ó ń tọrọ ikú. Ọlọ́run kò bá a wí. Áńgẹ́lì gbé àkàrà àti omi wá fún un. Ó jẹ, ó sùn, a tún jí i kí ó jẹun. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ní Hórébù, ni ọ̀rọ̀ Olúwa tó tọ̀ ọ́ wá.

Ẹ sì wo Samuel Ajayi Crowther. Ní 1821 ni a kó òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú ní Òṣogùn, a sì yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n tó tún pàdé, ní Abẹ́òkúta. Àlùfáà ni ọmọ nígbà náà, síbẹ̀ ìwàásù kọ́ ni ó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde: wọ́n di ara wọn mú láìfọhùn, omijé sì ń ṣàn lójú ìyá. Ó di oṣù kejì ọdún 1848 kí a tó ri ìyá náà bọmi, tí a sọ ọ́ ní Hannah.

Nítorí náà, bí a bá bẹ ọlọ́fọ̀ wò, kí a má ṣe yára pàṣẹ fún un pé kí ó dákẹ́ ẹkún. Kí a gbé oúnjẹ lọ, kí a jókòó tì í; bí oorun bá sì kọ̀ ọ́, kí a sìn ín dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Àdúrà wa kò ní tipa bẹ́ẹ̀ dínkù.