Ọmọ kì í ṣe ọjà: Bí ẹni tí kò lówó rẹpẹtẹ ṣe lè gba ọmọ ní Accra

Ẹ jẹ́ ká mú tọkọtaya Yorùbá kan tó ń gbé ní Nima, nílùú Accra. Ìyàwó ń ta aṣọ ní ọjà Makola, ọkọ ń tún fíríìjì ṣe. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń wá ọmọ, owó tó yẹ kí wọ́n fi kọ́lé ti tán sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n wá pinnu pé àwọn fẹ́ gba ọmọ, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bá sọ ọ́ ní òun mọ nọ́ọ̀sì kan, kí wọ́n ṣáà lọ wá owó.

Irú tọkọtaya báyìí pọ̀. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: ọ̀nà wo ni kò ní náni lówó jù láti gba ọmọ?

Ìdáhùn rẹ̀ lè ya ẹlòmíì lẹ́nu. Ọ̀nà òfin ni owó rẹ̀ kéré jù. Ọ̀nà tó wọ́n jù ni ti ẹni tó bá dárúkọ iye tí ọmọ jẹ́.

Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin àgbàtọ́ àti ìsọdọmọ?

Gbígba ọmọ kì í ṣe nǹkan àjèjì sí Yorùbá. Àwọn àgbà ní ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò àti Ọ̀fà lọ sí Ghana láyé àtijọ́ ló mú ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò wọn dání, tí wọ́n kọ́ ọ ní òwò, tí wọ́n sì tọ́ ọ dàgbà.

Àgbàtọ́ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ yín ni ọmọ ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ àwọn tó bí i ló ṣì jẹ́.

Ìsọdọmọ, ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń ka Bíbélì mọ̀ dáadáa, yàtọ̀ sí èyí. Ilé ẹjọ́ ló ń fọwọ́ sí i. Tí adájọ́ bá ti pàṣẹ, ẹ̀tọ́ àti ojúṣe àwọn tó bí ọmọ náà lórí rẹ̀ dópin, ó sì di ọmọ yín bí ẹni pé ẹ̀yin gan-an lẹ bí i.

Kí ni òfin Ghana sọ?

Òfin Àwọn Ọmọdé ti ọdún 1998, tí wọ́n ń pè ní Act 560, ló là á kalẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ọmọ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 25, ó sì gbọ́dọ̀ fi ọdún 21 ju ọmọ náà lọ. Tó bá jẹ́ mọ̀lẹ́bí ọmọ náà ni, ọdún 21 ti tó fún un.

Tọkọtaya lè jọ béèrè. Ẹni tó dá wà náà lè béèrè tó bá jẹ́ ọmọ Ghana, ṣùgbọ́n kì í rọrùn fún ọkùnrin tó dá wà, àfi tó bá jẹ́ òun ló bí ọmọ náà tàbí tí ìdí pàtàkì bá wà.

Ẹ gbọ́dọ̀ fi tó Ẹ̀ka Social Welfare létí, kí ọmọ náà sì ti gbé lọ́dọ̀ yín fún oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, kí àṣẹ ilé ẹjọ́ tó jáde. Àwọn òbí rẹ̀ tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ní láti gbà. Tí ọmọ náà bá ti pé ọdún 14, òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé òun gbà. Ní ti ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ghana, ilé ẹjọ́ lè kọ́kọ́ fún un ní àṣẹ onígbà díẹ̀, kí adájọ́ tó parí ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọdún 2013, ìjọba dá gbígba ọmọ dúró ná nítorí ẹ̀sùn pé àwọn kan ti sọ ọ́ di òwò. Ọdún 2016 ni wọ́n tún òfin náà ṣe, tí wọ́n dá Central Adoption Authority sílẹ̀ láti máa bójú tó gbogbo rẹ̀. Àdéhùn Hague lórí gbígba ọmọ láti orílẹ̀èdè kan sí òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ghana ní oṣù Kìíní ọdún 2017.

Àwọn kan rò pé ó sàn kí àwọn sáré lọ gba ọmọ nílé, ní Nàìjíríà. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà, ti ọdún 2003, ní ìpínlẹ̀ kan náà ni ẹni tó fẹ́ gba ọmọ àti ọmọ náà gbọ́dọ̀ máa gbé, onítọ̀hún sì gbọ́dọ̀ ti lo ọdún márùn-ún níbẹ̀.

Ibo ni owó ń lọ, báwo lẹ ṣe lè dín in kù?

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba owó nítorí ọmọ. Àmọ́ ìwé ní owó tirẹ̀: àyẹ̀wò ìlera, ìwé ọlọ́pàá, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, owó ilé ẹjọ́ àti owó lọ́yà. Èyí tó máa ń wúwo jù níbẹ̀ ni ti lọ́yà àti ti alárinà.

Àkọ́kọ́, ẹ má gba ọ̀dọ̀ alárinà kọjá. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín lọ sí ọ́fíìsì Social Welfare tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ ń gbé. Òṣìṣẹ́ wọn ló máa wá wo ilé yín, tó máa kọ ìròyìn nípa yín.

Èkejì, ẹ béèrè iye owó kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó san án, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ẹ̀kẹta, tí apá yín kò bá ká owó lọ́yà, ẹ lọ bá Legal Aid Commission, àjọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti ran ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ òfin. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè gba ẹjọ́ yín.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo inú ẹbí. Tó bá jẹ́ pé ọmọ mọ̀lẹ́bí yín tí òbí rẹ̀ ti kú ló ti ń gbé lọ́dọ̀ yín, kò sí pé ẹ tún ń wá ọmọ kiri. Ìwé ló kù.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ṣẹ́ owó lé ọmọ

Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, àjọ EOCO tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn ní Ghana kéde pé ọwọ́ tẹ ènìyàn 11 lórí ẹ̀sùn títa ọmọ ìkókó. Dókítà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ Social Welfare wà lára wọn. Ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n máa ń sọ fún ìyá mìíràn pé ọmọ rẹ̀ ti kú, nígbà tó wà láàyè.

Ẹ fojú inú wo ìyá yẹn. Ẹni tó san owó lè má mọ̀ pé ìyá kan ń sunkún níbì kan. Ṣùgbọ́n òfin Ghana tó tako kíkó ènìyàn ṣòwò, ti ọdún 2005, ní ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún márùn-ún nínú. Owó á lọ, ọmọ á lọ, ẹni tó ń wá ọmọ á bá ara rẹ̀ níwájú adájọ́.

Àwọn òbí pọ̀ tó jẹ́ ìṣẹ́ nìkan ló mú kí wọ́n gbé ọmọ wọn sí ilé ìtọ́jú. Ìdí nìyí tí ìjọba Ghana fi ń sọ pé ọ̀dọ̀ ẹbí ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá ọmọ padà sí, kí wọ́n tó ronú àtifà á fún ẹlòmíì.

Bí ìsọdọmọ kò bá bá yín mu ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ Yorùbá Accra jẹ́ Mùsùlùmí. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ó dára kéèyàn tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ pàdánù orúkọ bàbá tó bí i. Àgbàtọ́ lè bá irú wọn mu. Òfin gbà á, ìlànà tuntun sì jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 2018. Ẹni tó bá tọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ lè fi nǹkan sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìhágún, tí kò bá ti ju ìdá mẹ́ta dúkìá rẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí ìwé fi ṣe pàtàkì?

Yorùbá tó gbé Ghana rí mọ ohun tí àìní ìwé lè ṣe. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó kúrò. Àwọn tó ti gbé ibẹ̀ fún ogójì ọdún fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀.

Ọmọ tí kò ní ìwé lè bá irú rẹ̀ pàdé nínú ilé. Òfin ogún Ghana ti ọdún 1985 ka ọmọ tí wọ́n gbà lábẹ́ òfin mọ́ ọmọ olóògbé. Tí kò bá sí ìwé, ẹ̀gbọ́n olóògbé lè dìde kó ní àlejò ni. Ní ibodè Aflao tàbí Sẹ̀mẹ̀, òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè lè béèrè ẹni tó ni ọmọ tí ẹ mú dání.

Tọkọtaya Nima yẹn lè má rí ọmọ gbà lọ́dún yìí. Òṣìṣẹ́ Social Welfare lè wá wo yàrá wọn, kó tún ní òun ń padà bọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà sú wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá dàgbà, tó béèrè bí òun ṣe dé ilé yìí, ìwé á wà tí wọ́n á mú jáde, ojú kò sì ní tì wọ́n láti dá a lóhùn.