18 pọ̀ ju 14 lọ, àmọ́ kò tó 22

Ìṣirò kékeré kan la fẹ́ ṣe lónìí.

Aṣòfin 32 ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2006, 18 nínú wọn kéde pé àwọn ti yọ Gómìnà Ràṣídì Ládọjà nípò. Igbákejì rẹ̀, Adébáyọ̀ Àlàó-Akálà, sì gorí àga.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣebí 18 pọ̀ ju 14 lọ?" Ó pọ̀ jù ú lọ lóòótọ́. Àmọ́ abala 188 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo aṣòfin ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nínú 32, 22 nìyẹn. Ó ku mẹ́rin!

Olórí ilé, Adéolú Adélékè, gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Lọ́jọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìyọnípò yẹn kò bófin mu. Ládọjà padà sípò.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àmọ́ òfin ti sọ iye ọwọ́ tó gbọ́dọ̀ pé. Bí kò bá sí irú òfin yẹn, ìbò tí ẹ tò nínú oòrùn dì ní Ìbàràpá lè di òfo lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Ìbàdàn. Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹ bá gbọ́ pé "àwọn tó pọ̀ jù ti fọwọ́ sí i," ẹ kọ́kọ́ béèrè: mélòó ni òfin ní kó jẹ́?

Ó dìgbà kan ná.