Búréèkì Ẹ̀yìn àti Bíárìn Lọ́rì Àtijọ́: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Àgbẹ̀ Kòkó

Ọ̀rọ̀ igi kòkó fúnra rẹ̀ ni a sábà máa ń bá yín sọ: bí a ti ń rẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bí a ti ń fín oògùn sí i, bí a ti ń fi ewé bo èso rẹ̀ títí yóò fi kan kí a tó sá a. Lónìí, lọ́rì tí ó ń gbé kòkó náà lọ sí ọjà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹrù wúwo sí jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí àpò kòkó kan bá wọn kìlógíráàmù 64, àpò 80 ju tọ́ọ̀nù 5 lọ. Ẹ wá fi awakọ̀, ọmọ ọkọ̀ àti àwọn alábàárù tí ó jókòó sórí àpò kún un, kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ máa sọ̀kalẹ̀ ní òkè Èfọ̀n Aláayè tàbí ní ọ̀nà Ìdànrè. Bí búréèkì ẹ̀yìn kò bá mú, kò sí ohun tí awakọ̀ lè ṣe mọ́ bí kò ṣe kí ó wá igbó tí yóò ya ọkọ̀ sí.

Lọ́rì tí mo ní lọ́kàn ni irú Bedford àtijọ́, èyí tí a kan pákó sí lára tí àwọn ènìyàn ń pè ní bọ́lẹ̀kájà. Ní 1931 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní ìlú Luton ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, General Motors sì jáwọ́ nínú ṣíṣe ọkọ̀ akẹ́rù Bedford ní 1986. Ẹni tí ó bá ní ọ̀kan lónìí mọ̀ pé ògbólógbòó ni, ṣùgbọ́n ògbólógbòó tí a tọ́jú ṣì lè ṣiṣẹ́. Lọ́rì mìíràn tí ó bá ní irú ásùlù kan náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Ẹ ó mọ̀ ọ́n báyìí: bí ẹ bá wo àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ ó rí orí họ́bù tí ó yọ síta, tí nọ́ọ̀tì kéékèèké sì tò yí i ká. Nínú irú èyí, ṣáàfù tí ó wà láàárín kò ru ẹrù rárá. Yíyí nìkan ni ó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Họ́bù ni ó ru ẹrù, bíárìn méjì ni ó sì ń yí lé lórí, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù lọ nìyí: àìsàn búréèkì ẹ̀yìn kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti ara búréèkì. Epo gíà wà nínú ásùlù. Róbà kan wà lẹ́yìn họ́bù tí ó ń dá epo náà dúró kí ó má ba à dé inú dúróòmù. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní síìlì. Nígbà tí bíárìn bá jẹ, họ́bù yóò máa mì; bí họ́bù bá ń mì, síìlì kò lè mú un gírígírí mọ́, epo yóò sì jò. Yóò dé orí láínìn, èyí tí a fi bo irin ṣúù. Láínìn tí ó ti mu epo yóò máa yọ̀ lára dúróòmù bí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ lórí ẹrẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó pààrọ̀ láínìn tí kò pààrọ̀ síìlì, tí kò sì wo bíárìn, owó rẹ̀ ni ó dà sínú epo. Kò ní pẹ́ tí yóò fi padà wá.

Ihò kékeré kan tún wà lókè ásùlù tí ó fi ń mí. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, epo tí ó gbóná nínú ásùlù yóò wá ọ̀nà àbáyọ, ara síìlì ni yóò sì gbà jáde. Mo ti rí ibi tí a ti pààrọ̀ síìlì lẹ́ẹ̀mẹta láì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tú ihò yìí. Ẹ wò ó kí ẹ tó náwó.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé àìsàn ti wọ̀ ọ́? Bí ẹ bá rí i pé inú táyà ẹ̀yìn dúdú, tí ó tutù, tí eruku sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí họ́bù kan bá gbóná ju èkejì lọ lẹ́yìn ìrìn. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn bí ọlọ tí ń lọ ata láti ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ bá ń fà sí apá kan nígbà tí a bá tẹ búréèkì. Ọ̀kan péré nínú wọn tó láti dá ọkọ̀ dúró.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ wá ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹ fi igi dí ẹsẹ̀ iwájú níwá àti lẹ́yìn. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ sì rántí pé lára púpọ̀ nínú àwọn lọ́rì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ òsì kì í tú bí ti ọ̀tún. Òdìkejì ni a ń yí i. Ọ̀pọ̀ bóòtì ni agídí ti kán nítorí èyí. Bí jáàkì bá ti gbé e sókè, ẹ ki igi líle sábẹ́ ásùlù kí ó gbé e ró. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ara sábẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú kan.

Ẹ tú búréèkì ọwọ́ sílẹ̀, ẹ sì dẹ ṣúù nínú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ dúróòmù kò ní jáde. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ kí ẹ tó fa ṣáàfù yọ, nítorí epo yóò dà. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó rí nọ́ọ̀tì ńlá tí ó di họ́bù mú, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ mọ́ ọn kí ó má ba à tú.

Ẹ fi kẹrosíìnì fọ bíárìn, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá wò ó nínú oòrùn. Bí ojú àwọn irin róbótó rẹ̀ bá ní ihò bí ojú ìka tí sọ̀bìà jẹ, tàbí tí ó ti di aláwọ̀ búlúù nítorí ooru, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú òrùka rẹ̀ tí ó wà nínú họ́bù. Ẹ má ṣe fi tuntun sórí òrùka àtijọ́. Ẹ má sì bẹ̀rù pé ilé-iṣẹ́ Bedford kò sí mọ́. A fín nọ́ńbà sára bíárìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ mú un lọ bá ẹni tí ń ta bíárìn, yóò sì bá yín wá irú rẹ̀. Ní tèmi o, n kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra bíárìn tòkunbọ̀ fún ọkọ̀ tí yóò ru tọ́ọ̀nù 5. Ojú kò lè mọ iye ọ̀nà tí ó ti rìn.

Ní ti eruku inú dúróòmù, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n fi asbestos ṣe láínìn àtijọ́, eruku rẹ̀ a sì máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, a sì máa fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de lílò rẹ̀ pátápátá ní 1999. Ẹ má ṣe fẹ́ eruku náà, ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ gbá a. Aṣọ tí a rẹ sínú omi ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì sin aṣọ náà. Kí àwọn ọmọdé jìnnà síbẹ̀.

Láínìn tí epo ti bà jẹ́, ẹ sọ ọ́ nù. Àwọn kan a máa fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, wọn a sì tún sun ún níná. Bí ó bá ti gbóná lójú ọ̀nà, epo tí ó kù nínú rẹ̀ yóò tún sun jáde. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni a ń pààrọ̀ papọ̀, kí ọkọ̀ má ba à fà sí apá kan. Ṣùgbọ́n ẹ tú ẹ̀gbẹ́ kan ní àkókò kan, kí ẹ̀gbẹ́ kejì lè jẹ́ àwòkọ́ṣe fún yín nígbà tí ẹ bá ń to àwọn sípíríìngì padà.

Ẹ ṣí róbà orí sìlíńdà kékeré tí ń ti ṣúù. Bí ó bá tutù nínú, ẹ pààrọ̀ róbà rẹ̀. Ìwà kan wà tí ó burú gan-an: àwọn mìíràn a máa tẹ páìpù ẹsẹ̀ tí ń jò pa, kí ọkọ̀ lè máa fi ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù dúró. Ẹ má ṣe sanwó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó padà, ẹ fi ọwọ́ ti gíríìsì wọ àárín àwọn irin bíárìn. Ẹ fi epo díẹ̀ pa ètè síìlì tuntun. Ẹ máa yí họ́bù bí ẹ ti ń fún nọ́ọ̀tì ńlá, kí ẹ wá dẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀ títí yóò fi máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́ láì mì. Bí ó bá le jù, yóò jóná. Bí ó bá dẹ̀ jù, síìlì yóò tún bàjẹ́. Ẹ sì tẹ irin pẹlẹbẹ náà mọ́ nọ́ọ̀tì. Ní ti ṣúù, ẹ fún un títí dúróòmù kò fi lè yí mọ́, kí ẹ sì dẹ̀ ẹ́ títí yóò fi yí.

Epo búréèkì gidi nìkan ni kí ẹ dà sí i, irú èyí tí ìwé ọkọ̀ náà sọ. Epo ẹ́ńjìnnì tàbí kẹrosíìnì yóò mú kí gbogbo róbà inú rẹ̀ wú. Ẹ má ṣe lo èyí tí a ti ṣí sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi náà a sì máa hó lórí òkè gígùn, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò sì wọlẹ̀ gbàà láì rí ohun tẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan máa tẹ búréèkì, kí ẹlòmíràn máa tú afẹ́fẹ́ jáde ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti èyí tí ó jìnnà jù sí ọ̀gá sìlíńdà, àfi bí ìwé ọkọ̀ bá sọ ọ̀nà mìíràn.

Ẹ kọ́kọ́ wà á lófìfo lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Lẹ́yìn máìlì mẹ́wàá, ẹ dúró, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ họ́bù méjèèjì díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀kan bá gbóná débi pé ọwọ́ kò lè gbé ara rẹ̀, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀ wò kí ẹ tó di àpò kòkó kan sínú rẹ̀.